Ìrìn Pẹ́pẹ́yẹ ní Ebúté-Igbà

"Ẹni tó fẹ́ pe àna rẹ̀ lólè ọtí, kó kọ́kọ́ wo ìrìn pẹ́pẹ́yẹ." A máa ń pa òwe yìí, a sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ta ló ti bi ara rẹ̀ léèrè rí pé kí ló pa pẹ́pẹ́yẹ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ọtí àti ọ̀rọ̀ àna? Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n wú gbòǹgbò rẹ̀ fún yín.

Ní Ebúté-Igbà, abúlé kan létí odò, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Akinfọlárìn. Ògógóró ló ń sè. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni àgbá ìsetí rẹ̀ wà. Á da ẹmu tó ti kan sínú àgbá, á koná sí i nídìí, ooru ẹmu náà á sì gba inú páìpù bàbà kọjá. Wọ́n ti ri páìpù yìí sínú ògbólógbòó ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n pọn omi tútù kún, kí ooru náà lè di ọtí kó tó kán sínú kẹ́ẹ̀gì ní ìkángun kejì. Ọtí Akinfọlárìn le débi pé bí ẹ bá ta ẹ̀kán rẹ̀ síná, iná náà á fò sókè.

Ọkùnrin yìí lágídí, kò sì mọ bí wọ́n ti ń gbàgbé ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tó lọ tọrọ ìyàwó, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lẹ́nu ọkọ̀, ó já sódò tòun ti agbádá. Gbogbo ebúté ló rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín Lẹ́míkàn, ẹ̀gbọ́n ìyàwó, nìkan ni Akinfọlárìn gbé relé. Adẹ́mu ni Lẹ́míkàn. Òun ló ń gbé ẹmu wá fún un, òun náà ló sì ń bá a ṣọ́ iná bó bá lọ sóko. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹun, síbẹ̀ ẹ̀rín ọjọ́ náà ṣì wà níkùn Akinfọlárìn bí eegun ẹja.

Nígbà tí ìgbéyàwó Ìbíjọkẹ́, àkọ́bí Akinfọlárìn, kù sí dẹ̀dẹ̀, ọtí tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Kẹ́ẹ̀gì tó máa ń kún kí oòrùn tó kan àtàrí kò kọjá ìdajì mọ́. Èyí tó wà níbẹ̀ pàápàá ti dẹ̀ lẹ́nu bí omi àgbọn. Akinfọlárìn tọ́ ọ wò, ó tutọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ń mu ún, ó sì ń bu omi dí i! Kò ro ẹni náà jìnnà.

"Ìyá Ìbíjọkẹ́," ó ní, "ẹ̀gbọ́n rẹ kò gbọdọ̀ tẹsẹ̀ bọ àgbàlá yìí lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Olè ọtí ni."

Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ rí i tó ń mu ún?"

"Mo mọ̀ pé ó mu ún."

"Bóyá ẹ rí i ni mo bi yín."

"Ẹni tó lè rẹ́rìn-ín báyẹn, kí ni kò lè ṣe?"

"Háà! Ọ̀rọ̀ odò yẹn náà la ṣì wà? Ó dáa. Baba wa kò sí mọ́, ẹ̀gbọ́n mi ni baba wa, òun ló sì yẹ kó dúró nípò baba ńlá ọmọ, kó fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Àgbàlá tí kò bá wọ̀ lọ́jọ́ náà, èmi náà ò ní í wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin àti àgbá yín ni kẹ́ ẹ jọ sin ìyàwó."

Ẹ̀rù ba Akinfọlárìn. Ìyàwó tí kò ní ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú ayé ìyá rẹ̀, irú ìtìjú wo nìyẹn? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀, agídí ò sì jẹ́ kó kó o padà. Ó ní kò burú, òun á mú olè náà tọwọ́tẹnu.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àdá kọ́ èjìká, ó kí gbogbo ilé pé ó dàbọ̀, ó pẹ́ kọ́rọ́ lẹ́yìn ilé, ó sì lọ lúgọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lẹ́míkàn dé, ó ń kọrin. Ó da ẹmu sínú àgbá, ó koná, ó sùn gbalaja sórí bẹ́ǹṣì. Kò tilẹ̀ wo ibi tí kẹ́ẹ̀gì wà. Ìjàlọ ń jẹ Akinfọlárìn lẹ́sẹ̀, kò lè pariwo.

Ibẹ̀ ló wà tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ fi gòkè odò bọ̀, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ bí ará ìjọ. Wọ́n lọ tààrà sídìí ọkọ̀ ògbólógbòó, níbi tí omi ti ń ṣàn kọjá etí rẹ̀. Wọ́n ń mu, wọ́n ń gbójú sókè, wọ́n tún ń mu. Akinfọlárìn kọminú. Odò ńlá wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, kí ni pẹ́pẹ́yẹ ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣe? Akọ wọn bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì. Bí pẹ́pẹ́yẹ ti ń rìn náà nìyẹn, ìdí nìyí tí kò fi sẹ́ni tó fura látọjọ́ yìí. Àfi ìgbà tó forí sọ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó kí igi náà "hàà-hàà" tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, tó sì gbórí lé ẹsẹ̀ Akinfọlárìn, tó sùn lọ.

Akinfọlárìn rákò dé ìdí ọkọ̀. Ó bu omi náà tọ́ wò, ó ta á lọ́nà ọ̀fun. Ó tún bù ú kó lè dá a lójú. Ó fọwọ́ méjèèjì bu ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

"Àna mi, ẹ̀yin àti pẹ́pẹ́yẹ lẹ jọ ń ṣe fàájì ni?"

Lẹ́míkàn ló dúró sórí rẹ̀ yẹn. Akinfọlárìn wà lórí ìkúnlẹ̀, omi ń ro tótó ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tọ́ ọ wò ná."

Lẹ́míkàn tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ là. "Páìpù yín ti lu!"

Wọ́n paná. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tutù, wọ́n yọ orí páìpù kúrò lára àgbá. Lẹ́míkàn fi àtàǹpàkò dí ìdí rẹ̀, Akinfọlárìn fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lórí, omi inú ọkọ̀ sì ń hó gùlùgùlù níbi tí páìpù ti tẹ̀. Ihò náà rèé! Ọtí ń gba ibẹ̀ jáde, omi ń gba ibẹ̀ wọlé.

"Ṣùgbọ́n oko lẹ ní ẹ ń lọ," Lẹ́míkàn wí. "Kí lẹ ń ṣe nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀?"

Akinfọlárìn ń wo ilẹ̀. Wúràọlá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. "Ẹ sọ fún un," ó ní.

Akinfọlárìn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó jẹ́wọ́. Lẹ́míkàn ní, "Ẹ dìde. Mo dárí jì yín, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò ní í dákẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó."

Kò sì dákẹ́. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ti dí ihò páìpù, ọtí tó le ti padà kún kẹ́ẹ̀gì, Wúràọlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, Lẹ́míkàn sì fa Ìbíjọkẹ́ lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó sọ ìtàn náà láìfi ọ̀kan pamọ́, ó wá kọjú sí ọkọ ìyàwó: "Ọmọ mi, lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ pe àna rẹ lólè ọtí, kọ́kọ́ wo ìrìn pẹ́pẹ́yẹ." Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ wó àtíbàbà. Akinfọlárìn gan-an rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gba Lẹ́míkàn mọ́ra.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ìyànjú yìí ti di òwe. Bí ẹnì kan bá pàdánù nǹkan nínú ilé, tó sì na ìka sí ẹni tí inú rẹ̀ ò ti dùn sí tẹ́lẹ̀, láìtíì yẹ ohun èlò rẹ̀ wò, àwọn àgbà á ní kó rọra. Wọ́n á ní ẹni tó fẹ́ pe àna rẹ̀ lólè ọtí, kó kọ́kọ́ wo ìrìn pẹ́pẹ́yẹ.