Ìwà Tí Ọkùnrin Kan Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ

Ọkùnrin kan wà tí báńkì gbé wá ṣiṣẹ́ ní ìlú wa, tí kì í kí ènìyàn. Bí ó bá jáde lówùúrọ̀, yóò kọjá lára alágbẹ̀dẹ, yóò kọjá lára onídìrí, yóò kọjá lára àwọn àgbà tó jókòó sábẹ́ igi, ẹnu rẹ̀ á dì pa. Àwọn ará ìlú bá sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ń pè é ní Ọ̀gá Adákẹ́. Wọ́n ní ìgbéraga ló ń dà á láàmú.

Kì í ṣe ìgbéraga. Òkè Ọya ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, nínú bárékè àwọn ṣójà, Yorùbá tó gbọ́ kò sì ju ti inú ilé lọ. Ó ti gbọ́ pé bí a ti ń kí aláró kọ́ ni a ti ń kí ọdẹ. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá la ẹnu, òun á ṣì í, wọ́n á sì fi òun rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà mọ ìlú yìí, a mọ ènìyàn-án fi rẹ́rìn-ín. Nítorí náà ó dákẹ́, ó sì ń dá gbé. Àánú rẹ̀ ṣe mí nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Ibì kan ṣoṣo ló ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, onífọ́tò kan máa ń pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ṣe eré kan lórí tábìlì. Kì í ṣe ayò, kì í ṣe lúdò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń ju dáìsì níbẹ̀. Ìtàn ni wọ́n jọ ń pa. Onífọ́tò ni olórí eré: òun ló ń sọ bí igbó ṣe rí àti ohun tó dúró lójú ọ̀nà. Olúkúlùkù àwọn yòókù á dá ènìyàn kan sílẹ̀ tí yóò máa gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, á kọ agbára rẹ̀ sórí ìwé, á sì kọ ìwà kan tí ẹni náà ti ilé mú wá. Dáìsì ló ń sọ bóyá ohun tí o fẹ́ ṣe á ṣeé ṣe. Bí ẹni tí o dá sílẹ̀ bá kú, o ti jáde nìyẹn títí ìtàn yóò fi parí, ìtàn wọn a sì máa gbà tó ọdún kan.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó dá jagunjagun obìnrin sílẹ̀. Ìwà tí ó kọ fún un ni pé kì í sá. Mẹkáníìkì kan dá oṣó tó ń tu iná lẹ́nu sílẹ̀, ó ní ojú kì í tì í. Inú ìwé òfin eré náà ni wọ́n ti mú àwọn ìwà wọ̀nyí. Nígbà tó kan ọkùnrin wa, ó wo ìwé náà títí, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì kọ tirẹ̀: “Ó mọ bí a ti ń kí oníṣẹ́ gbogbo níbi iṣẹ́ rẹ̀.”

Mẹkáníìkì bú sẹ́rìn-ín. “Bọ̀dá, iwin là ń lọ bá jà, ẹ ní ẹ fẹ́ lọ kí wọn?”

Onífọ́tò ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, “Kò sí nínú ìwé, ṣùgbọ́n mo gbà á. Àmọ́ ẹnu dùn-ún ròfọ́ o. N kò ní jẹ́ kí ẹ ju dáìsì sí èyí. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹnu yín lẹ máa fi kí wọn, kí n gbọ́.”

Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà. Ohun tí kò ní ló kọ sílẹ̀ bí ẹni pé ó ní in.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, ó lọ dúró níwájú alágbẹ̀dẹ, òógùn bò ó. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni wọ́n ṣe ń kí yín?”

Alágbẹ̀dẹ gbé òòlù sílẹ̀, ó wò ó láti òkè délẹ̀. “Ọ̀gá Adákẹ́! Àṣé ẹnu yín ń ṣí?” Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ́ ọ. Ohun tó ń ba ọkùnrin yìí lẹ́rù ti ṣẹlẹ̀, kò sì kú. Ó lọ sọ́dọ̀ aláró, ó lọ sọ́dọ̀ akọpẹ. Ní ọjọ́ kan ó fi kíkí ọdẹ kí onídìrí, gbogbo abẹ́ àtíbàbà wọn hó yèè, obìnrin kan tilẹ̀ ju òòyà nù níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ìtàn wọn dé ẹnubodè ìlú tí wọ́n ti ń wá látìbẹ̀rẹ̀. Òmìrán kan ló jókòó síbẹ̀. Onífọ́tò ní, “Ó ń fẹ́ná. Irin pọ́n níwájú rẹ̀. Òòlù ọwọ́ rẹ̀ tó ilé.” Jagunjagun kọ lù ú. Dáìsì kọ̀, òòlù gbá a, ó dákú. Oṣó tu iná. Ẹni tó ń fi iná jẹun, kí ni iná fẹ́ ṣe é? Òun náà ṣubú. Ó wá ku ọkùnrin wa, tí kò ní idà, tí kò ní oògùn. Bí tirẹ̀ bá tún ṣubú, ìtàn parí fún gbogbo wọn, òun á sì padà sínú yàrá rẹ̀ láti máa wo àjà lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ó dìde lórí àga. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì onífọ́tò. Ó ní, “Àrọyè o, bàbá!”

Onífọ́tò gbé dáìsì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá tirẹ̀ gan-an rọ irin títí ó fi dolóògbé, ó sì ti pẹ́ tó ti gbọ́ kíkí yẹn kẹ́yìn. Ó ti pinnu pé òmìrán ni yóò pa wọ́n tán. Ṣùgbọ́n ọmọ alágbẹ̀dẹ kì í gbọ́ ọ kó má dáhùn. Ó fi ohùn ńlá òmìrán náà dáhùn pé, “Ògún á gbè ọ́ o! Ó pẹ́ tí mo ti ń rọ irin níbí. Gbogbo ẹni tó dé, idà ló ń fà yọ. Ìwọ nìkan lo rí i pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe.” Ó sì ṣí ẹnubodè fún wọn.

Ẹ̀n-ẹ́n, ariwo tó sọ níbẹ̀! Mẹkáníìkì gbé ọkùnrin náà sókè, àga ṣẹ́. Àwọn tó wá ya fọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀bù sá wọlé, wọ́n rò pé ìjà ni. Nọ́ọ̀sì ń jó, ó ní òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, òun ò mọ̀ pé ó ń ṣílẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn mìíràn, wọ́n ní kí ó tún kọ ìwà yẹn. Ó ní rárá, ìyẹn kì í ṣe ti ẹni orí ìwé mọ́, òun ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lónìí, bí ó bá ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń kí ọ̀tún, ó ń kí òsì. Ká sòótọ́, kíkí rẹ̀ ti ń pọ̀ jù.

Àbúrò mi, mo mọ̀ pé o ti ń wo ibi tí mò ń lọ. O sọ fún mi lánàá pé ọ̀dọ̀ bàbá wa lo ti jogún ìbínú tí o fi ń jágbe mọ́ ìyàwó rẹ, pé ìwà kì í fi oníwà sílẹ̀. O pa òwe náà bí ẹni tó rí ibi sá sí. Èmi náà, bàbá yẹn ló bí mi, n kò sì ní bá ọ jiyàn pé ìwà àbínibí wà. Ṣùgbọ́n àyè ṣì kù lórí ìwé rẹ. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ń dá ìyàwó rẹ̀ lóhùn.” Má dúró kó di òótọ́ kí o tó kọ ọ́. Bí o bá sì ti kọ ọ́, ẹnu rẹ ni kí o fi ṣe é. Wàá kọ́kọ́ ṣì í. Ìyàwó rẹ lè rẹ́rìn-ín, inú mi á sì dùn, nítorí ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín nínú ilé yìí.

Òun ló ń pè ọ́ láti ẹ̀yìnkùlé yẹn. Dá a lóhùn, kí n gbọ́.