Bí Òkúta Oníyàrá Ṣe Fọ́ Ìtànṣán Lẹ́nu

Nígbà láéláé, nígbà tí Ìtànṣán ṣì ń wọ inú òkúta ní odidi, tó sì ń jáde ní odidi, Òkúta Oníyàrá ni alárinà gbogbo ayé. Inú rẹ̀ kún fún yàrá kéékèèké tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Bí ọmọ Epo àti ọmọ Afẹ́fẹ́ bá pàdé nínú yàrá kan, wọn a di ọ̀kan níbẹ̀, wọn a sì bá tiwọn lọ.

Kò sẹ́ni tó ń bojú wẹ̀yìn kí i. Ṣé bí ìyàwó bá ti mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀bá. Òkúta gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn ún ni màjàlà tí wọ́n ń fi sílẹ̀ nínú yàrá, tí ẹnikẹ́ni kì í gbá. Nígbà tó yá, mímí di iṣẹ́ fún un.

Ẹ̀rù bà á. Bí wọ́n bá gbọ́ pé yàrá rẹ̀ ń dí, ilé alárinà mìíràn ni wọn yóò gbà lọ, òun a sì di òkúta lásán. Ó ránṣẹ́ sí Ìtànṣán, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo, ẹni tí ògiri kì í dá dúró.

“Ọ̀rẹ́ mi, bá mi wo inú mi títí dé kọ̀rọ̀. Ibi tó bá dí, èmi nìkan ni kí o sọ fún.”

“Ṣé èmi náà ni ò ń kìlọ̀ fún?” ni Ìtànṣán wí.

Ó wọlé, ó wò ó tán, ó jáde. Kó tó padà sọ́dọ̀ Òkúta, ó ti ya ilé Epo, ó ti ya ilé Afẹ́fẹ́, ó ti ròyìn ìdọ̀tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní yàrá-yàrá. Àwọn tó da màjàlà síbẹ̀ gan-an ló ń yínmú. Ní ọjọ́ kejì, kò sí tọkọtaya kankan lẹ́nu ọ̀nà Òkúta.

Ó dùn ún dọ́kàn. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Nígbà tí Ìtànṣán tún dé, tó ní òun wá kí i, Òkúta ní kó wọlé. Ó wá na gbogbo ògiri rẹ̀ ró gbọn-in. Ìtànṣán forí sọ èyí, ó forí sọ tọ̀hún, títí ó fi fọ́ sí wẹ́wẹ́.

“Máa wá lọ ròyìn báyìí,” ni Òkúta wí.

Ó ṣe é tán kó tó rí àṣìṣe rẹ̀. Nítorí pé yàrá rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ, àfọ́kù Ìtànṣán náà tò lẹ́sẹẹsẹ síta, róbótó-róbótó. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò wọ́n yóò mọ bí gbogbo yàrá náà ṣe rí.

Láti ọjọ́ náà ni ìtànṣán tí àwọn dókítà fi ń wo egungun ti ń fọ́ bó bá wọ òkúta oníyàrá. Àwọn onímọ̀ a máa wọn àlàfo àárín àfọ́kù rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òkúta náà ṣì wúlò fún iṣẹ́ alárinà. Bí kò bá wúlò mọ́, wọn a dà á nù. Kò sẹ́ni tó ń bi í bóyá ó ń dùn ún.