Bí Ará Ẹnu Ṣe Wọ Ilé Ìfun

“Olówó orí mi, ẹ má dá àgò kankan lóhùn o. Ẹ kọ́kọ́ pa iná.”

Ọ̀rọ̀ tí Ayọ̀bọ̀rọ́ sọ kẹ́yìn fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ gbọ́ ohun tí ọkọ náà ṣe.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi já wìì, ó balẹ̀ gbì, ó dá lórí Ìfun, baba onílé, àti Tíńtín, kòkòrò tó ń gbé inú ẹnu.

Ilé Ìfun gùn, ó sì kún fún ọmọ. Kòkòrò rere ni àwọn ọmọ náà, wọ́n ń bá a lọ oúnjẹ. Láràárọ̀ ni Ayọ̀bọ̀rọ́, ìyàwó rẹ̀, máa ń fi omi yíyọ̀ pa ògiri, kí àjèjì má baà rí i dì mú. Ní ìlú wọn, èèwọ̀ ni kí àlejò kágò kí onílé má dáhùn.

Bàbá Tíńtín ló kọ́kọ́ wá. Ó bọ́ sínú odò Itọ́, gbùrù! Ní Ikùn, Omi Kíkan pa gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣàà! Òun nìkan ló yè. Ó dé ẹnu ọ̀nà Ìfun, ó kọrin:

Àgò onílé o!
Wìnrìn-wìn!
Ará Ẹnu ló dé o!
Wìnrìn-wìn!
Ṣé àyè wà ńlẹ̀ o?
Wìnrìn-wìn!

Àwọn ọmọ Ìfun bú sẹ́rìn-ín. “Ilé kún o! Padà sídìí àjẹkù iṣu rẹ!” Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lára ògiri, yọ̀ọ̀! Odò gbé e lọ.

Ẹ̀gbọ́n Tíńtín wá, ó kọrin.

“Ilé kún o!” Yọ̀ọ̀! Odò gbé òun náà lọ.

Àfi bí iná ṣe sọ, bùlà! A kò mọ ẹni tó dá a. Ògiri bó. Ọmọ kú, ọmọ sá. Ayọ̀bọ̀rọ́ ń da omi sí iná títí omi fi tán lára rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ tí mo wí yẹn, ó kú.

Ìfun jókòó, ó ń wò ó.

Tíńtín dé. “Àgò onílé o!” Kẹ́kẹ́ pa.

“Àgò onílé o!” Kẹ́kẹ́ pa.

Ìfun ní, “Háà, àgò àlejò kì í bọ́ sílẹ̀ nílé bàbá mi.”

“Àgò onílé o!”

“Àgò yà.”

Tíńtín wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yọ̀. Ó pe ẹbí, ẹbí wọlé gìrìgìrì. Wọ́n jókòó sórí egbò tí iná dá, wọ́n ń jẹ ògiri, wọ́n ń fẹ́ iná.

“Yéè! Tíńtín! Ìwọ tí ò ń lá ìdí eyín, ìwọ lò ń jẹ ilé mi?”

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní àgò yà. Òtútù ń mú wa. Ẹ jẹ́ ká yáná.”

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé, ẹ̀yin ọmọ: ilé tó ń jó kì í gba àlejò. Ẹni tí ilé kíkún lé dànù, ilé ahoro ni yóò sọ ọ́ di onílé.

Títí di òní, Ìfun kò tíì gbá eérú. Kò tíì ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ tó sá. Kò tíì sọ fún Tíńtín pé kó máa lọ. Kò tíì sin Ayọ̀bọ̀rọ́.