Agbálẹ̀ Wọ́ọ̀dù Àwọn Ọlọ́gbẹ́

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé ìgbálẹ̀ rẹ̀ ló ń jí àwọn aláìsàn lójú oorun. Agbálẹ̀ ni, ní ọsibítù kan tí wọ́n kọ́ sẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí eruku pupa ti ń fẹ́ wọlé láti àárọ̀ dalẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́ọ̀dù àwọn ọlọ́gbẹ́ ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀dì méjìdínlógún. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò sì sí ọjọ́ kan tí oòrùn yọ bá ìdọ̀tí níbẹ̀. Wàà, wàà, wàà lo máa gbọ́. Tí o bá jẹ́ àlejò, wàá ní ọsibítù yìí mà mọ́ o.

Má rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ràn ẹni tó bá mọ ilẹ̀ gbá. Ilé tí wọn ò gbá láàárọ̀, ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́? Ìyá tó bí ọkùnrin yìí ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, pé kó tó kí ẹnikẹ́ni, kó gbálẹ̀. Ìgbálẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kan ọwọ́ ẹlòmíràn. Inú kọ́bọ́ọ̀dù kan ló ń tọ́jú wọn sí, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ bẹ́líìtì.

Aránṣọ kan wà ní wọ́ọ̀dù náà. Ọ̀kadà ló gbá a, egungun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yọ síta. Wọ́n tò ó, egungun jinná, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ kọ̀, kò san. Lónìí á fẹ́ gbẹ, lọ́la á tún ṣọyún. Ẹsẹ̀ yẹn ló fi ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ, òun ló fi ń bọ́ ọmọ mẹ́ta. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé bí ọgbẹ́ náà kò bá san, àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ láti orúnkún kó má baà pa á. Àánú obìnrin yìí ṣe agbálẹ̀ wa gan-an. Nítorí náà, tó bá gbá ti àwọn yòókù lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń gbá ìdí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, tagbáratagbára. Obìnrin náà a sì máa ṣàdúrà fún un.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n agbálẹ̀ yìí kú nílùú wọn, ó sì gbàyè ọjọ́ mẹ́wàá lọ sìnkú. Ó mú kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ṣé o rí i? Òkú ló fẹ́ lọ sin, ìgbálẹ̀ ló ń ṣọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì kò rí nǹkan fi gbálẹ̀. Wọ́n kàn ń rẹ àkísà sómi, wọ́n ń nu ibi tí nǹkan bá dà sí. Igun wọ́ọ̀dù kún fún èèpo ọsàn àti ọ̀rá búrẹ́dì. Ojú ń ti nọ́ọ̀sì àgbà, ṣùgbọ́n nígbà tó ń wẹ ọgbẹ́ aránṣọ lọ́jọ́ kẹjọ, ó rí i pé ó ti ń gbẹ. Ó wo ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà ń gbẹ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Agbálẹ̀ dé. Ó rí wọ́ọ̀dù, orí rẹ̀ gbóná. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbá ti àná, ó gbá ti ìjẹta, ó gbá ti ọjọ́ mẹ́wàá pọ̀ lọ́jọ́ kan. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, ọgbẹ́ aránṣọ ti tún ń ṣọyún. Dókítà wò ó, ó mirí. Ó ní òun fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀bẹ ló kàn.

Nọ́ọ̀sì àgbà yìí gbọ́n. Kò pe agbálẹ̀ láàárín èrò. Ó mú un wọ yàrá kan tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́ọ̀dù, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí bẹ́ẹ̀dì tó wà níbẹ̀, ó ní kó bá òun gbá yàrá náà bó ṣe máa ń gbálẹ̀. Ọkùnrin yìí gbá a, ó mọ́. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n jókòó díẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìsìnkú tó lọ ṣe. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì dìde, ó fi ìka kan fa ilà sórí aṣọ funfun náà. Ilà náà hàn gbangba, torí pé gbogbo aṣọ yòókù ti pọ́n fún eruku.

"Bàbá," ó ní, "ohun tí ẹ ń gbé kúrò nílẹ̀ lẹ ń gbé lé wọn lójú ọgbẹ́."

Ìwọ náà rò ó wò. Tí wọ́n bá sọ fún ọ pé iṣẹ́ rere tí o ti ń fọkàn ṣe láti ọdún mọ́kàndínlógún ló ń pa ẹni tí o fẹ́ràn lára, kí lo máa ṣe? Inú bí ọkùnrin náà. Ó ní àbúrò ẹnìkan ni wọ́n fẹ́ fún níṣẹ́ òun. Ó ní ọgbẹ́ tí kò bá ní í san kò ní í san, kí ni ti ìgbálẹ̀ níbẹ̀? Ó tú kọ́kọ́rọ́ kúrò lára bẹ́líìtì, ó jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń lọ ilé. Àárín wọ́ọ̀dù ló sì máa gbà kọjá. Aránṣọ rí i, ó kí i bó ṣe máa ń kí i.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń rántí ìdí bẹ́ẹ̀dì mi."

Ọkùnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Gbogbo ohun tó gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì ló sọ fún obìnrin náà, kò fi ọ̀kan pamọ́. Aránṣọ gbọ́ ọ tán. Kò bú u. Ó kàn bi í pé kí ni wọ́n á wá ṣe báyìí.

Àbúrò, ìbéèrè gidi nìyẹn. Wọn kò lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ láìgbá, torí eṣinṣin àti eèrà á gba ibẹ̀. Wọn kò sì lè máa da omi sí i, torí bàbá arúgbó kan ti yọ̀ ṣubú láìpẹ́, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Agbálẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ó mú pákó kan tó já lára bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, ó kàn án mọ́ igi gígùn, ó fi tówẹ̀lì àlòkù wé e. Ó rẹ ẹ́ sómi, ó fún un dáadáa, ó wá ń fà á jẹ́jẹ́ nílẹ̀. Eruku kò dìde. Ara aṣọ ló lẹ̀ mọ́. Àmọ́ kó tó dé bẹ́ẹ̀dì kẹta, aṣọ ti bọ́. Ó fi okùn dì í, okùn há mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, díẹ̀ ló kù kó da oúnjẹ ẹnìkan nù.

Aránṣọ ti ń wò ó látorí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kó gbé pákó yẹn wá. Ó fi ìka wọ̀n ọ́n, ó ní kí wọ́n bá òun wá abẹ́rẹ́ àti òwú. Ó fọwọ́ rán tówẹ̀lì náà bí àpò ìrọ̀rí tó ṣe wẹ́kú pákó, ó fi bọ́tìnnì méjì sí i lẹ́nu. Ìyẹn kò bọ́. Ó tún ní àpò kan kò tó, pé tí wọ́n bá fi ẹyọ kan nu gbogbo wọ́ọ̀dù, ìdọ̀tí ẹnìkan ni wọ́n ń pín fún ẹlòmíràn. Ó rán mẹ́sàn-án, ọ̀kan fún bẹ́ẹ̀dì méjì. Tí wọ́n bá lò wọ́n tán, wọ́n á bọ́ wọn sínú garawa, wọ́n á sè wọ́n nírọ̀lẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, etí ọgbẹ́ náà ń gbẹ. Lọ́sẹ̀ kejì, dókítà tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, kò rí ọyún. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má pe òun mọ́ nítorí ẹsẹ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni aránṣọ fi rìn lọ ilé. Ní báyìí, gbogbo wọ́ọ̀dù ọsibítù náà ló ń lo pákó alápò.

Ohun kan ṣì kù tí n kò tíì sọ, òun ló sì le jù. Pákó alápò kì í dún. Àwọn tó ń wá wo èèyàn wọn láàárọ̀ kò gbọ́ wàà wàà mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé agbálẹ̀ ti di ọ̀lẹ, pé ṣe ló ń rìn káàkiri bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gbọ́ wọn, ó sì ń dùn ún. Ó ṣáà ń fa pákó rẹ̀ lọ ni.

Bàbá Ìbídùn, ìwọ ni mò ń bá wí. Oṣù mẹ́ta rèé tí ọmọ rẹ ti kó ẹrù délé láti ilé ọkọ. Ohun tójú rẹ̀ rí níbẹ̀, díẹ̀ lo mọ̀ nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, àràárọ̀ lò ń sọ òtítọ́ fún un, pé o kìlọ̀ fún un, pé kò gbọ́, pé ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ fà ni. O wá ń sọ fún mi lónìí pé kò jẹun mọ́, pé ó ti gbẹ, pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Èmi ò sọ pé irọ́ lò ń pa. Òtítọ́ ni. Mò ń gbọ́ ọ láti ilé mi níbí, gbogbo àdúgbò ń gbọ́ ọ, wọ́n sì ń yìn ọ́ pé bàbá tó ń bá ọmọ wí ni ọ́. Òun lo fẹ́ràn jù nínú àwọn ọmọ rẹ, mo mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun lò ń bá wí jù.

Àwọn àgbà ní tí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ìwọ, òsì nìkan lo mọ̀ ọ́n lò. Níbo ni ọ̀tún rẹ wà?

O ní ṣé kí o wá dákẹ́ ni. Ta ló ní kí o dákẹ́? Ọ̀rọ̀ wà tó yẹ kí o bá a sọ, ẹ̀yin méjèèjì á sì sọ ọ́ ní yàrá lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ bá gbà á. Àwọn ará àdúgbò á ní ò ń kẹ́ ẹ bàjẹ́. Jẹ́ kí wọ́n wí. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé ó ṣì ń kúnlẹ̀ kí ọ láràárọ̀. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ti sú pátápátá kì í kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó dìde lo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìbáwí. Lọ́la, dáhùn ìkíni yẹn. Bi í bóyá ó rí oorun sùn. Kí o wá dúró gbọ́ ohun tó máa sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹkún ni.