Ìdì Tí Akéde Kò Tú Wò

Kí rédíò tó dé, kí bébà ìròyìn tó dé, ẹsẹ̀ ni ìròyìn fi ń rìn, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹsẹ̀ ènìyàn gan-an ni! Ní ìlú Ìmọ̀dú, ẹsẹ̀ Ọ̀gúndìran akéde ni. Ọkùnrin yìí lè jí láàárọ̀, kó dé ìlú mẹ́ta, kó sì padà wá lu agogo rẹ̀ ní ojúde ọba kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tó bímọ, ẹni tó joyè, afárá tó já, kò sí èyí tí kò mọ̀. Ẹnu rẹ̀ sì dùn! Bó bá ń ròyìn, ọbẹ̀ a máa jóná lórí iná, ẹnìkan kò ní gbọ́ òórùn.

Akéde ni bàbá tó bí i, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì fi lé e lọ́wọ́: "Jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ débẹ̀ kí ẹnu rẹ tó débẹ̀." Pàápàá ìròyìn ikú. Bí ọmọ Ìmọ̀dú bá kú sí ìdálẹ̀, akéde gbọ́dọ̀ lọ bá òkú náà níbi tó wà, kó gé irun àti èékánná rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó dì wọ́n sínú aṣọ funfun, kó gbé e wálé. Ìdì kékeré yẹn ni wọn yóò sin sínú iyàrá olóògbé.

Ó wá di ọjọ́ kan, ní ọ̀sán gangan, Ọ̀gúndìran ń lọ lọ́nà odò, ni ọkùnrin kan bá dìde lábẹ́ igi, ó na ìdì funfun kan sí i.

"Akéde, Ọdẹ́wọlé oníṣòwò ẹní ti kú ní Ìlawọ̀. Irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ rè é."

Òótọ́ ni Ọdẹ́wọlé ti lọ ta ẹní ní Ìlawọ̀ láti ìgbà òjò. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àlejò yìí ni Ọ̀gúndìran ń wò. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, eruku pupa ti bo akéde fúnra rẹ̀ dé orúnkún, àmọ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin náà mọ́ bí ẹsẹ̀ ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Orí Ọ̀gúndìran wú. Síbẹ̀, ìrìn ọjọ́ méjì ni Ìlawọ̀, akéde ìlú kejì sì lè ṣáájú rẹ̀ gbé ìròyìn náà délé. Ó gba ìdì, kò tú u. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, kò sí ẹnìkan lábẹ́ igi mọ́. Ipasẹ̀ akéde nìkan ló wà nínú eruku.

Agogo dún ní Ìmọ̀dú. Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọdẹ́wọlé, ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n sin ìdì sínú iyàrá ọkọ rẹ̀, wọ́n fá orí rẹ̀, ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ tó pé, ẹbí péjọ ní ọ̀sán láti fi í fún àbúrò ọkọ rẹ̀, bí àṣà wọn. Àwẹ̀ró kò fẹ́, ṣùgbọ́n ta ni opó fẹ́ sọ fún?

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Ọdẹ́wọlé fi wọlé, ẹní mẹ́rin tí kò rí tà lórí rẹ̀.

Háà! Àbúrò rẹ̀ nìkan ló mira: ó bu eérú nídìí ààrò, ó dà á sí i lára, bí wọ́n ti ń ṣe sí àkúdàáyà.

"Àbúrò mi, ṣé orí rẹ dàrú ni?" Ọdẹ́wọlé rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rín in. "Àwẹ̀ró!"

Àwẹ̀ró fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹni tó bá jẹ́ ìpè òkú, òkú náà ni yóò bá lọ.

"Àwẹ̀ró!"

Omijé ń dà lójú rẹ̀. Kò dáhùn.

Ọkùnrin náà wọ iyàrá rẹ̀ lọ, ó bá òkìtì erùpẹ̀ níbi tó máa ń sùn. "Ta lẹ sin síbí?"

Baálé dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Ìwọ ni, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, padà síbi tí o ti wá. A kò fi ohunkóhun dù ọ́."

Ọdẹ́wọlé jókòó lórí òkìtì náà. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó yí i padà, ó tún wò ó. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Àbí mo ti kú ni, tí ẹnìkan kò sọ fún mi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Àwẹ̀ró lọ́kàn. Ó yíjú sí akéde, tó wà níbẹ̀ láti kéde ìgbéyàwó náà. "Ọ̀gúndìran, ṣé ojú yín lẹ fi rí òkú ọkọ mi?"

"Ẹnìkan... ẹnìkan ló gbé e fún mi lọ́nà."

"Ẹ tú ìdì náà wò?"

Akéde mi orí pé òun kò tú u.

"Ẹ wú u," ni Àwẹ̀ró wí. "Èmi ni mo máa ń fá orí ọkọ mi, mo mọ irun rẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, n ó fẹ́ ẹni tí ẹ bá ní kí n fẹ́."

Wọ́n wú u. Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló tú kókó aṣọ náà. Irun àgbàdo ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú ìpẹ́ ẹja mẹ́wàá. Odindi ìlú ló sunkún irun àgbàdo fún oṣù mẹ́ta!

Àwẹ̀ró dìde. "Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Àwẹ̀ró."

"Mo jẹ́ yín o, olówó orí mi!"

Gbogbo ilé di ojú. Nígbà tí wọ́n là á, Àwẹ̀ró ń gbọn eérú kúrò lára ọkọ rẹ̀, ó sì ń bá a jà pé kí ló dé tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Wọn kò mọ ẹni tó dúró lábẹ́ igi náà títí dòní. Ṣùgbọ́n Ọ̀gúndìran kọ́gbọ́n. Bí ewúrẹ́ aládùúgbò rẹ̀ bá bímọ, yóò kọ́kọ́ lọ ka ọmọ náà kó tó mú agogo. Bí wọ́n bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, yóò ní, "Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì rí i." Láti Ìmọ̀dú ni àwọn àgbà ti mú un, tí gbogbo wa fi ń pa á lówe pé: ìròyìn kò tó àfojúbà.