Ọgbà Ẹja Máfimísẹ̀bi Lójú Agbami

Ìgbì-ń-bọ̀-kò-kanlẹ̀kùn, awo etí òkun, àti Ìdákọ̀ró-kò-mọ-oorun, awo ìsàlẹ̀ ibú, àwọn ni wọ́n dífá fún Máfimísẹ̀bi ní ọjọ́ tí ó ta ọkọ̀ baba rẹ̀, tí ó ní òun yóò sin ẹja láàárín agbami.

Inú ọ̀sà tí omi ti pa rọ́rọ́ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sin tiwọn. Òkun ni òun ń lọ ní tirẹ̀. Ó ti hun ọgbà àwọ̀n, ó ti ra ọmọ ẹja. Bí ọgbà náà bá ṣòfò, òun àti Oríyọmí aya rẹ̀ yóò di ẹni tí ń tọrọ jẹ. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Àwọn awo ní iṣẹ́ náà yóò gbè é, ẹbọ ni kí ó rú. Kí ó se oúnjẹ rẹpẹtẹ, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù ú fún àwọn apẹja tí ń na àwọ̀n níbi tí ó fẹ́ dá ọgbà sí.

Inú bí i. Àwọn apẹja wọ̀nyí kan náà ni wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí rẹ̀ dàrú! Ó délé, ó ní: "Òkun kì í ṣe oko baba wọn. Màá kúkú da ẹbọ mi sómi, kí Olókun jẹ ẹ́."

Oríyọmí wò ó títí. Ó ní: "Baálé mi, kí ni wọ́n ń bọ ní Ifẹ̀? Ṣebí ẹnu wọn ni. Ibi tí wọ́n ti ń jẹun lẹ fẹ́ gbà, ẹ ò wá fẹ́ fún wọn lóúnjẹ?"

Máfimísẹ̀bi rúbọ náà, ó bu oúnjẹ fún àwọn apẹja, ó fajú ro bí ẹni mu oje ewúro. Baba Èjìdé, àgbà apẹja, jẹ tán, ó nu ẹnu, ó ní: "Ọmọ wa, kí omi gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀."

Kò pẹ́ tí ó da ẹja sínú ọgbà ni ìjì dé. Ìgbì já okùn ìdákọ̀ró, ó ń gbé ọgbà lọ. Máfimísẹ̀bi dúró létí òkun, kò lọ́kọ̀ tí yóò fi lé e. Ó káwọ́ lérí, ó ń pariwo pé òun gbé.

Nígbà tí ìjì rọ̀, ó rí ọkọ̀ àwọn apẹja, wọ́n ń wọ́ nǹkan bọ̀. Ọgbà rẹ̀ ni! Àwọ̀n kò ya, ẹja sì ń fò nínú rẹ̀.

"A rí i tó ń sá lọ," ni Baba Èjìdé wí. "Ẹni tó bu oúnjẹ fún wa, ṣé a ó máa wo ẹja rẹ̀ níran ni?"

Máfimísẹ̀bi jókòó sórí iyanrìn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ara tù ú pẹ̀sẹ̀.

Ẹja dàgbà, ire ajé wọlé tọ̀ ọ́. Ó yin àwọn awo rẹ̀, àwọn awo yin Ifá. Ẹni tí kò bá rúbọ síbi tí wọ́n ní kó rú u sí, oúnjẹ ló fi ṣòfò. Máfimísẹ̀bi gbọ́ràn, òkun kò rí tirẹ̀ gbé lọ.