Ẹnu Ọ̀nà Ìyá Ìbíyẹmí

"Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìròyìn oòrùn ni yóò sọ." Ẹnu àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ni òwe yìí pọ̀ sí. Ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ọ̀rọ̀ àna ni o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan.

Adékànmbí ará Ìdànrè ló ń fẹ́ Ìbíyẹmí sọ́nà. Ìyá Ìbíyẹmí ní ilé iṣẹ́ kékeré kan lẹ́yìn ilé rẹ̀, níbi tó ti ń fi kòkó ṣe ṣokoléètì. Ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní ṣílà wà níta gbangba. Fáànù ń fẹ́ ẹ, òun náà ń mú omi tutù fún yàrá tí ṣokoléètì ti ń dì. Nígbà tí sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún ẹ̀rọ náà bí omi ṣe tutù tó bà jẹ́, Adékànmbí bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má pe ẹlòmíràn, iṣẹ́ òun nìyẹn. Kò sí ohun tó wù ú ju kí Ìyá rí i pé ẹni tó mọṣẹ́ ló ń tọrọ ọmọ rẹ̀.

Ó pa iná, ó yọ sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ kúrò nínú ihò tóóró tó wọ inú páìpù lọ, ó sì ki tuntun bọ̀ ọ́. Tuntun ò wọlé tán, nítorí gírísì gbígbẹ ti dí ìsàlẹ̀ ihò náà. Ṣùgbọ́n ojú àna ń wò ó, ìkánjú sì ti wọ ọ̀rọ̀. Ó dè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ẹ̀rọ ò sinmi mọ́. Omi ti fẹ́ di yìnyín, síbẹ̀ ẹ̀rọ ń sọ pé ó gbóná. Yàrá tutù ju bó ṣe yẹ lọ, ṣokoléètì tí wọ́n ń gbé jáde ń làágùn, ara rẹ̀ sì ń funfun. Ojú gba Adékànmbí tì. Ó dá a lójú pé ayédèrú sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n tà fún òun.

Ó lọ ṣàlàyé fún Ìyá nínú ilé. Ẹnu ọ̀nà ló dọ̀bálẹ̀ sí, bó ti máa ń ṣe, torí ìtìjú ò jẹ́ kó wọlé rí.

"Báwo ni ibẹ̀, ọmọ mi?"

"Oòrùn yìí mú jù, mà."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ìgbà tó o bá wá, ọ̀rọ̀ oòrùn ni. O ò tíì mọ bí ilé mi ṣe tutù tó. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìròyìn oòrùn ni yóò sọ."

Adékànmbí fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe rántí sẹ́ńsọ̀ tó dúró lẹ́nu ihò, tí oòrùn ń pa. Ó sáré padà sídìí ẹ̀rọ. Ó ha gírísì gbígbẹ kúrò, ó fi gírísì tuntun sí i kí òtútù omi lè ráyè dé ara sẹ́ńsọ̀, ó sì ti sẹ́ńsọ̀ títí tó fi kan ìsàlẹ̀. Kò pẹ́, ẹ̀rọ mọ òótọ́, ó dákẹ́. Ṣokoléètì tó tẹ̀ lé e ń dán, ó sì le dáadáa. Inú Adékànmbí dùn dé ẹ̀yìn.

Ó mú ọ̀kan lọ fún Ìyá. Ìyá ò dìde. Orí àga rẹ̀ nínú pálọ̀ ló ti dá a sí méjì, tó na ìdajì sí i.

"Wọlé wá gbà á."

Ó wọlé.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe yìí fún ẹni tó ń ṣèdájọ́ ọ̀ràn tí kò tíì dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n sì ń pa á fún àfẹ́sọ́nà tó bá ń tijú jù.